Kí Ohùn Àbúrò Mi Tó Kúrò Nínú Fíìmù Náà

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń yọ eyín nígbà tí o kọ̀wé? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń torí iyọ̀ bá ọ jà nínú ilé ìdáná? Mo kí gbogbo yín. Ara tèmi le, ọkàn ni kò balẹ̀. Èmi Abẹ́rẹ́ tí o mọ̀ tún ti tín-ín-rín sí i. Má bínú pé láti oṣù tó kọjá ni lẹ́tà rẹ ti dé tí mi ò fèsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó tì í, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì dìde.

O ní àwọn ọmọ ń yọ ọ́ lẹ́nu pé àwọn fẹ́ lọ wo fíìmù tuntun tí a fi ohùn èdè wa sí níbi iṣẹ́ wa, èyí tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí kí ìtàn fíìmù àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. O ní kí n sọ òótọ́ fún ọ, ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, torí o gbọ́ tí ọkùnrin kan ń bú u lórí rédíò pé ohùn aṣáájú eré yí padà lójijì lápá ìparí, bí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ènìyàn. Ọkùnrin yẹn kò parọ́. Màá ṣàlàyé, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fíìmù, kí n má baà bẹ̀rẹ̀ ẹkún ní ìlà kejì.

O rántí ti àkọ́kọ́: ọkọ̀ ńlá tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó sùn sínú àpótí yìnyín, àti bàbá mẹkáníìkì kan ṣoṣo tí kò sùn, tó ń tún ọkọ̀ ṣe fún ogójì ọdún kí àwọn yòókù lè gúnlẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló fi èdè wa sọ̀rọ̀ fún bàbá yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ìwọ fúnra rẹ lo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ pé ọmọdé ń húkọ́ àgbà. Nínú tuntun yìí, mẹkáníìkì náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó níyàwó, ó ní ọmọbìnrin kékeré kan, wọn ò sì tíì kan ọkọ̀ náà parí. Bí àbúrò mi ṣe ń sún mọ́ ogójì ọdún ni wọ́n wá ní kó ṣe ọ̀dọ́. Ó ní ayé òun ń lọ sẹ́yìn ni.

Jẹ́ kí n ti ibi tó kù sí bẹ̀rẹ̀, o mọ̀ mí, ẹnu mi kì í dákẹ́. Wọ́n ṣàlàyé jù. Àpá tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ bàbá yẹn, tí gbogbo wa fi ọdún méjìlá rò pé ogun ló dá a, wọ́n ní ilẹ̀kùn ló gbá a. Fìlà rẹ̀, wọ́n sọ ẹni tó fún un. Àní àkísà tó fi ń nuwọ́ ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ inú fíìmù yìí tún ń dán ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ èyí ló yẹ kó ṣáájú. Ta ló rí ìyá tó kéré sí ọmọ rí? Nígbà tí iná sì sọ nínú ọkọ̀, tó ku díẹ̀ kó jó ọkùnrin náà pa, súìtì ni mo ń ṣí nínú báàgì mi. Ta ni kò mọ̀ pé yóò yè é, tí yóò dàgbà, tí yóò hewú?

Ṣùgbọ́n ó dára o. Wọ́n fara balẹ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ hàn wá, bí wọ́n ṣe ń jó irin mọ́ irin, bí ọkùnrin náà ṣe ń fi etí ti ara ọkọ̀ láti gbọ́ ibi tí nọ́ọ̀tì ti tú. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jà nítorí gílóòbù kan, ìjà náà sì jọ ti ilé wa gbogbo débi pé àwọn ọkọ ń wo ìyàwó wọn nínú òkùnkùn. Ìran ìdágbére ló wá ga jù. Bàbá ti wọnú ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí níta, ilẹ̀kùn irin ń rọra pa dé, ó sì ń kígbe sí i láti inú. Ọmọ náà rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá òun ń lọ lò. Àwa tí a ti wo ti àkọ́kọ́ mọ̀ pé wọn ò ní fojú kan ara wọn mọ́. Mímọ̀ tí a mọ ìparí ìtàn ló ba ìran iná jẹ́, òun kan náà ló sì jẹ́ kí ìran yìí gún ni lọ́kàn. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn ti yí padà.

Níbi iṣẹ́ wa, a kì í gba ohùn sílẹ̀ bí ìtàn ṣe tẹ̀ léra. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ la máa ń kọ́kọ́ gbà, a ó fi gbogbo ibi tí igbe bá wà sílẹ̀ di ọjọ́ ìkẹyìn, torí ẹni tó bá kígbe lónìí, ohùn rẹ̀ yóò ha lọ́la. Èmi ni mo ń to iṣẹ́ náà, o sì mọ̀ pé bí mo bá ti to nǹkan, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú u. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, àbúrò mi dé, ó wé síkáàfù mọ́rùn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe ìran ìdágbére yẹn lónìí.” Mo ní kò ṣeé ṣe, ìran méje ló kù níwájú rẹ̀. Ó tún bẹ̀ mí. Mo bú u lójú àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́, mo ní ṣé òun ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni. Ká ní ẹlòmíràn ni, ì bá bá mi fà á. Ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀gbọ́n, kò sì jẹ́ bá mi jiyàn lójú ènìyàn. Ó ní, “Ẹ máà bínú. Bẹ́ẹ ṣe wí náà ni.” Ó jókòó, ó sọ ìjà gílóòbù, ó pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín.

Kò sọ fún mi pé dókítà ti ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun ní ọjọ́ Ajé, àti pé ohùn náà lè má padà. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Ó wọlé ìwòsàn ní ọjọ́ Ajé, ní Ọjọ́rú a gbé òkú rẹ̀ jáde. O ti gbọ́ ti ikú, o sì bá mi kẹ́dùn, mo dúpẹ́. Ohun tó bẹ̀ mí fún ni mi ò sọ fún ìwọ tàbí ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìran náà, Ẹlẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré! Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀; tèmi kò gbẹ̀yìn, ojoojúmọ́ ló ń jí mi. Tíṣà kan tó máa ń bá wa ṣeré ló parí iṣẹ́ náà, ó sì ṣe é dáadáa, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn.

Ìyá wa ní àwọn yóò lọ wò ó. Ojú wọn ti di bàìbàì, etí ni wọ́n fi ń wo fíìmù báyìí. Nígbà tí àbúrò mi ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ìgúnpá gún obìnrin tó jókòó tì wọ́n pé ọmọ àwọn nìyẹn. Obìnrin náà rò pé òṣèré tí a ń wò ni wọ́n bí, ó ń kí wọn kú oríire. Nígbà tí ìdágbére dé, wọ́n tẹ́tí sí i dáadáa. Wọ́n bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ẹni tó bá wa parí rẹ̀ ni. Wọ́n di ọwọ́ mi mú títí iná fi tàn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa pè mí. Ó ní ẹjọ́ ohùn yìí ti pọ̀ jù, kí tíṣà náà tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ohùn lè jẹ́ ọ̀kan. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ó ní bí kò bá rọrùn fún mi, òun yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Mo kọ̀. Bí wọn yóò bá yọ ohùn ọmọ ìyá mi kúrò, kó jẹ́ èmi tí mo mọ ibi tó ti ń mí. Láti ìjẹta ni mo ti ń yọ ọ́, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ku ìjà gílóòbù nìkan tí ọwọ́ mi kò lọ síbẹ̀.

Mo da ohùn rẹ̀ kọ sínú ẹ̀rọ kékeré kan, mo gbé e lọ fún Ìyá wa lánàá. A jókòó síta, níwájú ilé wọn. Wọ́n bi mí pé tí àwọn bá bá a sọ̀rọ̀, ṣé yóò dá àwọn lóhùn. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́. Mo sọ bó ṣe bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ bí mo ṣe bú u. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń retí kí wọ́n gbá mi létí, ì bá sì tù mí lára. Wọn ò bú mi, wọn ò sì ní kí n dìde. Wọ́n béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ tí ì bá kígbe níbẹ̀ gan-an.

Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe wà nínú ìwé: “Wọlé lọ. Má dúró dè mí mọ́.”

Ìyá wa wá ọ̀pá wọn, wọ́n dìde, wọ́n sì wọlé lọ.

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti dárí jì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí láti béèrè. Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá wọn, kí o sì bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Òpin oṣù yìí ni èyí tó ní ohùn àbúrò mi yóò kúrò ní sinimá. Tètè mú wọn lọ.

                                        Èmi ni tìrẹ títí ayé,
                                        Abẹ́rẹ́.