Ta Ló Ń Ba Maikirosikóòpù Wa Jẹ́?

Ajé, 4 oṣù kẹta

Ẹnì kan ń ba maikirosikóòpù láàbù mi jẹ́. N kò tíì mọ ẹni náà. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ máa ségi.

Awọ àlùbọ́sà la fẹ́ wò lónìí. Mo tẹ́ ẹ sórí síláìdì, mo kán áyódíìnì sí i, mo fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Mo fojú sí Ìyá Àgbà — èyí àtijọ́ tó ń fi dígí kó ìmọ́lẹ̀ láti ojú fèrèsé. Kùrukùru! Àfi bíi pé ẹnì kan mí sí i. Mo bọ́ sórí àwọn oníná. Kùrukùru yẹn náà ni. Kí á tó gba ìsinmi, wọn ò burú tó báyìí.

Mo bi àwọn ọmọ bóyá wọ́n ń rí nǹkan. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Irọ́ ni. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù tíṣà, bó rí òfìfo, á ní òun rí erin.

Ìdánwò àṣejáde sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí wọn ò bá rí sẹ́ẹ̀lì, kí ni wọ́n máa yà?

Ìṣẹ́gun, 5

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń kó wọn sí: ọkùnrin tó ń tọ́jú láàbù. Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń pè é níhìn-ín, nítorí bó bá ń rìn, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ ń dún wojowojo. Mo bi í, kí ló fi ń nu lẹ́ǹsì? Ó ní bébà lẹ́ǹsì ni, Mà, ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ni? Ó wá ń wo ilẹ̀.

Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ń wò nílẹ̀?

Ọjọ́rú, 6

Ó kí mi kọjá bó ṣe yẹ láàárọ̀ yìí. Ara ń fu mí.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ẹ gbà mí! Ọ̀rọ̀ ti yé mi.

Mo gbé Olójúméjì jáde — èyí tí a fi ń wo kòkòrò àti òdòdó, tí èèyàn ń fi ojú méjèèjì wò. Mo gbé ẹsẹ̀ aáyán sábẹ́ rẹ̀. Ó mọ́ kedere! Irun ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á. Mo tan èyí tó ń gbé àwòrán jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. Òun náà mọ́. Àwọn olójú kan, tí à ń fi ẹyọ ojú kan wò, nìkan ló bàjẹ́. Kí ló dé?

Mo rántí pé Kọ́kọ́rọ́ ní àna kan tó ń ta irinṣẹ́ láàbù. Bí a bá da àwọn olójú kan nù, ọwọ́ ta la ti máa ra tuntun? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ẹtì, 8

Ọmọ mi obìnrin ní kí n rọra, pé gbogbo ayé ni mò ń fura sí. Ó ní lọ́dún tó kọjá mo ní aládùúgbò ń jí omi wa fà.

Ó ń jí i fà ni.

Kí n tó kúrò níbi iṣẹ́, mo fi bébà lẹ́ǹsì nu gbogbo wọn fúnra mi, ti òkè, ti ìsàlẹ̀. Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo lẹ sẹlotéèpù fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹnu rẹ̀. Kó wá fọwọ́ kàn án, ká jọ mọ̀ ọ́n.

Ajé, 11

Sẹlotéèpù wà bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́. Kùrukùru sì wà nínú gbogbo wọn.

Ọkùnrin yìí mọṣẹ́ o. Ó ní láti jẹ́ pé ó ká sẹlotéèpù náà, ó sì tún un lẹ̀. Bóyá epo tí à ń kán sábẹ́ lẹ́ǹsì tó ń mú nǹkan tóbi jù ló fi ń pa àwọn tó kù, nítorí epo kì í tètè hàn. Ìkà.

Ìṣẹ́gun, 12

Mo ti lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Mo-Gbọ́ ni mò ń pè wọ́n — òrùlé ń jò, "mo gbọ́". Ṣọ́ọ̀kì tán, "mo gbọ́", kò sì sí ohun tí wọ́n máa ṣe. Tòní yàtọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ pe Kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Èmi ni yóò jẹ́rìí.

Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò nídìí, ó gbé e sórí tábìlì. Ó wojú mi, ó ní, "Mà, èmi fúnra mi ló ń fi bébà lẹ́ǹsì nù wọ́n láràárọ̀." Inú mi ò dùn. Ṣùgbọ́n ta ló tún kù?

Ọjọ́bọ̀, 14

Kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀ mọ́, kùrukùru ò kúrò. Ó ti bà wọ́n jẹ́ pátá kó tó lọ.

Ọmọbìnrin kékeré tó ń jókòó lójú fèrèsé ya sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà fún mi: ògiri rẹ̀, kókó inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Mo ní inú ìwé wo lo ti dà á kọ? Ó bú sẹ́kún. "Mo rí i ni, Mà." Lábẹ́ maikirosikóòpù yẹn? Mo fún un ní òdo.

Àbámẹ́ta, 16

Mo dá lọ sí láàbù láàárọ̀ kí n lè kó ẹ̀rí jọ fún ìgbìmọ̀. Ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ látọdún gbọọrọ ni mo ṣe. Bí ìdọ̀tí bá wà lára lẹ́ǹsì òkè, yí lẹ́ǹsì náà, ìdọ̀tí á bá a yí. Bó bá wà lórí síláìdì, ti síláìdì, á bá a lọ. Bó bá jẹ́ ti lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀, pààrọ̀ rẹ̀, á pòórá.

Mo yí ti òkè. Kùrukùru ò yí. Mo ti síláìdì — àwọn sẹ́ẹ̀lì rìn, kùrukùru dúró. Mo pààrọ̀ ti ìsàlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tóbi sí i, kùrukùru ò tóbi, kò kéré. Mo pààrọ̀ maikirosikóòpù fúnra rẹ̀. Ibì kan náà ló wà.

Mo jókòó. Kò sí ohun tí n kò tíì pààrọ̀ lórí tábìlì yẹn. Àfi ojú mi. Ojú ọ̀tún ni mo máa ń fi wò ó láti ìgbà tí mo ti wà nílé-ìwé.

Mo di ọ̀tún, mo fi òsì wò ó.

Yéè!

Sẹ́ẹ̀lì tò lọ bí búlọ́ọ̀kù, kókó wà nínú wọn. Mo gbé òmíràn, mo tún gbé òmíràn. Gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Ṣé ẹ rí Olójúméjì àti tẹlifíṣọ̀n? Ojú òsì ló ń bá mi wò ó! Mo sunkún níbẹ̀. Mo lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu iṣẹ́. Mo fún ọmọ tó ríran ní òdo. Ẹ̀rù ojú mi náà ń bà mí, kí n má purọ́.

Àìkú, 17

Mo tẹ ọ̀gá láago lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá ní, ṣé ẹlòmíràn ti gbọ́? Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n rò ó dáadáa: tíṣà tí ojú ń dùn, ta ni yóò fi í sídìí ìdánwò? Wọ́n ní ọkùnrin yẹn ṣì kéré, á ríṣẹ́ mìíràn; èmi ńkọ́, ìfẹ̀yìntì mi kù díẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ jẹ́rìí mi lọ́la bí mo ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò ó. Irọ́ kọ́, mo rò ó gan-an.

Mo wá tẹ Kọ́kọ́rọ́ láago. Ó gbé e. "Ẹ káàsán, Mà. Ṣé àlàáfíà ni?"

Mo ní, "Ìwọ kọ́. Lọ́la, màá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ìwọ kọ́ rárá, ojú mi ni."

Ó wá bi mí pé, ojú wo, Mà, ṣé ó ń dùn yín?