Òròmọdìẹ Tó Wọ Bàtà Sójà

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Jacaranda,
                                        Mareeba,
                                        Queensland.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, ọdún 2024.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Bevan,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde: bàbá rẹ kò purọ́. Òròmọdìẹ ni, àwọ̀ ìyeyè ni, ó sì wọ bàtà. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti mọ̀ pé òtítọ́ ló sọ, tí mo sì pa ẹnu mọ́. Ohun tó lè jẹ́rìí gbè é ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi ní gbogbo ọdún yẹn. Ìwọ lo ni ín, èmi ni mo dì í mú.

Ó yá, mo wá kí ọ wàyí. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ti ń gbé ọ gun àtẹ̀gùn? Coralie ìyàwó rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé Tegan ọmọ yín ti bímọ obìnrin. Ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á dá a sí. Àwa níbí, a dúpẹ́. Máńgòrò ti tán lórí igi, àwọn àdán tí kì í jẹ́ ká sùn sì ti bá a lọ. Glenys ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti máa ń ṣe, èyí sì fi hàn pé ara rẹ̀ yá. Ojú mi ló ń ṣe bàìbàì díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí kọ̀ǹpútà.

Mo mọ̀ pé inú lè bí ọ débi pé kí o ju lẹ́tà yìí nù. Jọ̀ọ́, fara dà á dé ìsàlẹ̀. Ìtìjú tèmi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ìtìjú lọ, kò sì jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́ láti Ọjọ́bọ̀. Jẹ́ kí n tò ó bó ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé apá kan ṣoṣo ni ìwọ mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ, nígbà tí o ti padà sí ibi ìwakùsà ní Mount Isa, ìyá rẹ pè mí pé kí n wá bá òun palẹ̀ ilé irinṣẹ́ mọ́. Ó fa ọmọ ìlẹ̀kùn páànù kan yọ lẹ́yìn àwọn agolo ọ̀dà. Kò ju àwo oúnjẹ méjì tí a tò pọ̀ lọ, ọ̀dà àwọ̀ ewé sì bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó ní, "Alwyn, ti Bevan nìyí o. Ara Kittyhawk yẹn, bàálù tó ń tún ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni Ossie ti tú u. Bá mi fún un." Mo ní kò burú, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ mi.

Mo ń sọ fún ara mi pé tí mo bá fi ránṣẹ́ sí àgọ́ àwọn awakùsà, wọn á fi yan ẹran. Àwáwí lásán ni. Ojúkòkòrò ló mú mi. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn, n kò sì ní ẹyọ kan nínú ìtàn náà tí mo lè fọwọ́ pa lórí. Mo gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní tó bá di ọdún Kérésì. Ìyá rẹ kú kí Kérésì náà tó dé, kò sì sí ẹni tó tún lè bi mí.

Èyí tó tẹ̀ lé e ṣojú rẹ. O gbé ẹ̀wù Kittyhawk bàbá rẹ wá síwájú Ẹgbẹ́ Ìrù Funfun, àwa tí a ń fi bàálù ogun àtijọ́ ṣeré lórí kọ̀ǹpútà, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, kí a lè fi fò láàárọ̀ Anzac, ọjọ́ ìrántí àwọn sójà wa. O mọ òfin wa. Èmi ni mo ń wo gbogbo ẹ̀wù tí ẹnikẹ́ni bá kùn fún bàálù inú eré wa, bí mi ò bá sì buwọ́ lù ú, kì í fò ní àárọ̀ Anzac. Bevan, iṣẹ́ yẹn dára. Kò sí pupa láàárín àmì róbótó tó wà lára apá rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti yọ pupa kúrò nígbà náà, kí àwọn tiwa má baà rò pé ọ̀tá ni, kí wọ́n yìnbọn fún un. Ìrù rẹ̀ funfun bó ti yẹ. Ọ̀dà ti ń ṣí níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gun, eruku funfun erékùṣù Kiriwina, níbi tí wọ́n ti fi jagun, sì wà lára táyà rẹ̀. Lábẹ́ ibi ìjókòó awakọ̀ ni o ya òròmọdìẹ sí, tó wọ bàtà sójà.

O ṣàlàyé fún wa pé bàbá rẹ ló yà á fún Lindsay Garrould, awakọ̀ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí àwọn tó ń tún bàálù ṣe ń pè ní Òròmọdìẹ. O ní nígbà tí ọmọ náà bọ́ sínú òkun pẹ̀lú bàálù mìíràn, awakọ̀ tó gba èyí ní òun kò lè máa wo òròmọdìẹ òkú láràárọ̀, bàbá rẹ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún bo.

Mo gbé fọ́tò bàálù náà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù jáde. Nǹkan dúdú kan wà níbẹ̀, èjìká sójà kan sì bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní kannakánná ni. O ní irú fíìmù tí wọ́n ń lò nígbà náà a máa sọ ìyeyè di dúdú. Ta ló kọ́ ọ? Èmi náà ni. Mo ti fi ẹ̀kọ́ yẹn gba ẹ̀wù àwọn ẹlòmíràn wọlé láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n mo ti kùn kannakánná tèmi ṣáájú tìrẹ, gbogbo ẹgbẹ́ sì ti yìn mí. Ni mo bá la ẹnu burúkú, mo ní, "Bevan, rọ́ọ̀mù tí bàbá ẹ mu ló wọ bàtà, kì í ṣe adìẹ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a tún wo ojú kọ̀ǹpútà, orúkọ rẹ ti kúrò, kò sì padà mọ́ títí di òní. Ẹnu àìmẹ́nu ló dá ọ̀ràn yẹn sí wa lọ́rùn.

Èyí tí ìwọ kò mọ̀ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo gbé páànù náà jáde, mo fi ọ̀bẹ ha igun kan. Ìyeyè ló yọ, kò ju èékánná lọ. Mo wò ó títí. Lẹ́yìn náà mo fi aṣọ ìnura wé e, mo ti kọ́bọ́ọ̀dù. Mo yàn pé kí bàbá rẹ jẹ́ òpùrọ́ dípò kí èmi jẹ́ ẹni tó ṣe àṣìṣe. Àbúrò bàbá mi ni o, ẹni tó kọ́ mi ní ìwẹ̀.

Ẹni tó tú mi fó ni obìnrin kan ní Hobart. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Raff dara pọ̀ mọ́ wa lọ́dún tó kọjá, a ò sì mọ̀ pé Lindsay ni ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ó gbé ìyá àgbà náà, Màmá Una, wá síwájú kọ̀ǹpútà, kí ó wá wo bàálù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo kùn. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé. A ń retí pé yóò dúpẹ́.

Ó ní, "Ta ló fi ẹyẹ òkú sára ẹ̀gbọ́n mi?"

Raff ní, "Màmá, Ọ̀gbẹ́ni Alwyn ní ẹ̀rí."

"Ẹ̀rí wo? Láti kékeré ni Lindsay ti ń sá fún kannakánná. Gbé e kúrò lójú mi, jàre."

Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ bá Glenys ní ìdáná, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń bó kúkúńdùkú, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé èyí tí o ní ara fíríìjì àtijọ́ ni?" Mo ní irọ́ ni mo pa. Ó ní, "Mo mọ̀. Ta ló ń fi aṣọ ìnura wé fíríìjì? Lọ gbé e wá."

Bevan, ibi tí ayọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. A tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a bu omi, a wá sáńpépà tó kúnná jù lọ, a ń fi pa á díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń nu ojú ọmọ tó ń sùn. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ń ṣàn bí ẹrẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ojú kan ṣoṣo, róbótó, tó ń wo wá bí ẹni pé a pẹ́. Lẹ́yìn náà ikùn, ìyeyè bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ikùn, mo dáwọ́ dúró. Mo ní bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mi ò mọ èyí tó ń bà mí jù: pé bàtà ò ní sí níbẹ̀ ni, tàbí pé yóò wà níbẹ̀.

Glenys ní, "Alwyn, ẹsẹ̀ ló kù. Sọ̀kalẹ̀."

Mo sọ̀kalẹ̀. Bàtà ni. Bàtà sójà méjì, wọ́n tóbi ju òròmọdìẹ náà fúnra rẹ̀ lọ, okùn ọ̀kan sì tú sílẹ̀. Mo kígbe débi pé ajá aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín. Mo fi ọ̀dà àwọ̀ ewé sílẹ̀ ní etí páànù náà yí ká, mi ò pa á rẹ́, nítorí pé ọwọ́ bàbá rẹ náà nìyẹn, ní ọjọ́ tí inú rẹ̀ bàjẹ́.

Mo wá ṣí ẹ̀wù tí o kùn. Mi ò pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mi láti ọjọ́ náà wá. Bóyá ẹ̀rí ọkàn ló dì í mú. Mo gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí òròmọdìẹ tìrẹ ti gbé orí ni tibí náà gbé orí. Ẹnu bàbá rẹ nìkan lo fi yà á, o ò rí i sójú rí, o sì gbà á pátápátá.

Mo fi fò ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì. Mo gbéra ní Kiriwina nínú eré náà, ilẹ̀ rẹ̀ funfun báláú, mo yí apá òsì sí oòrùn, ìyeyè náà sì tàn lábẹ́ mi lórí òkun. Mo ti fò nínú eré yìí fún ogún ọdún ó lé. Mi ò rí nǹkan tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n lè tún rí i. Mo yí i títí mo fi kọlu omi.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Mo fi fọ́tò páànù náà hàn wọ́n, mo sọ iye ọdún tí mo fi pa á mọ́, mo sọ ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀mù náà bí mo ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́, nítorí pé àwọn ẹni tuntun kò gbọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n yan ẹlòmíràn tí yóò máa wo ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà ni Raff ní, "Ọ̀gbẹ́ni Alwyn, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wá mu rọ́ọ̀mù báyìí?" Ẹ̀rín yẹn tọ́ sí mi, mo sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ó tún lọ pe ìyá àgbà rẹ̀ wá. Màmá Una wo òròmọdìẹ náà pẹ́, ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó ti sọ ohunkóhun fún un nípa bàtà náà. Ó ní, "Wò ó, wọn ò rí bàtà tó ṣe déédéé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún un." Ó ní ta ló yà á. Raff ní bàbá kan tó ń jẹ́ Ossie Petherick ni, ọmọ rẹ̀ Bevan ló sì kùn ún sínú eré. Ó ní, "Ẹ bá mi kí ọmọ náà." Mo ń jíṣẹ́ rẹ̀ nìyí.

Mi ò fi orúkọ mi sí ohunkóhun. Ẹ̀wù rẹ ti wọlé, orúkọ rẹ ló wà lára rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù, o sì mọ̀ mí, mi ò lè dákẹ́: dúdú ni o kùn bàtà, búráwùn ni wọ́n. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ìwọ ni kí o tún un ṣe, nítorí pé ohun tí o máa fi wé e ti wà lọ́wọ́ rẹ báyìí. Láàárọ̀ Anzac, Òròmọdìẹ ni yóò ṣíwájú gbogbo wa. Bí o bá fẹ́ wà lórí ìjókòó rẹ̀, àyè rẹ nìyẹn. Bí o ò bá fẹ́, a ò ní fi ẹlòmíràn síbẹ̀. A ó fò tẹ̀ lé àyè náà ní òfìfo.

Mo fẹ́ gbé páànù náà wá fúnra mi. Glenys ló ní rárá, ó ní kí o kọ́kọ́ kàwé, kí o tó pinnu bóyá o fẹ́ rí ojú mi. Nítorí náà ló ṣe gbé àpótí yìí, tí páànù wà nínú rẹ̀, lé itan nínú ọkọ̀ ojú irin títí dé Gympie lọ́dọ̀ yín. Fún un ní tíì, má sì jẹ́ kó ròyìn bí mo ti sunkún, ó máa ń fi àbùmọ́ sí i. Bá mi kí Coralie àti Tegan, kí o sì bá mi fi ẹnu kan orí ọmọ tuntun.

Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Gbé lẹ́tà yìí kúrò lórí aṣọ ìnura yẹn, kí o tú u. Ti bàbá rẹ ni. Tìrẹ ni.

                                        Èmi tí mo ṣẹ̀ ọ́, tí mo ṣì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ,
                                        Alwyn Petherick