Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ Géèmù Tí Mo Sọ Lórí Rédíò

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú ilé, Màámi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kí yín yìí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Agége ni mo kúnlẹ̀ sí, tí ẹ̀yin sì jókòó sí Àgọ́-Ìwòyè. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé orúnkún Ìyá Àgbà ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí gbogbo ará ilé, mo kí àwọn ará ìjọ, mo kí Bàbá Aládùúrà tó gbàdúrà fún mi lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ l'Ékòó. Mo kí Káyọ̀dé náà, àbúrò mi, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ nínú lẹ́tà yìí.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé lẹ́tà tó yẹ kó dé ọwọ́ yín nìkan, mo gbé e fún àwọn oníwèé ìròyìn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má bínú sí mi. Etí gbogbo ayé ni mo ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Tí mo bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, kò yẹ kó jẹ́ kọ̀rọ̀ yàrá yín nìkan ni n óò ti tún un ṣe.

Òjò kò jẹ́ ká gbádùn níbí. Tó bá ti rọ̀, omi á gba gbogbo ojú ọ̀nà àdúgbò wa, a ó bọ́ bàtà sọ́wọ́ ká tó dé títì. Tí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ láti Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, òórùn rẹ̀ á wọlé bá wa. Ó ti mọ́ mi lára. Ohun tí kò tíì mọ́ mi lára ni kí n jí kí n má rí ẹni tí mo máa kúnlẹ̀ kí. Ilé tí mò ń gbé, yàrá pọ̀ níbẹ̀ bí ihò inú afárá oyin, síbẹ̀ kálukú ló ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Màámi, ẹ bi mí nígbà kan pé kí ni ilé iṣẹ́ wa ní Àgídìngbì ń tà gan-an, mo sì ní ẹ̀rọ géèmù ni, ó sì hàn pé kò yé yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni. Wọ́n á so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó fẹ́ ṣeré á di pádì rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, á wá máa gbá bọ́ọ̀lù tàbí kó máa wa mọ́tò lójú tẹlifíṣọ̀n. Àgbà ń ṣe é, ọmọdé ń ṣe é, àwọn mìíràn kì í rántí oúnjẹ. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Ilé iṣẹ́ kejì wà lápá Ọ̀rẹ́gùn tó ń kó irú tirẹ̀ wọlé, oríṣi mìíràn. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ibẹ̀, ìjà ta ló tà jù ni mò ń gbọ́.

Ìdí tẹlifóònù ni wọ́n gbé mi sí, mò ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ọjọ́ kan ni Ọ̀gá Túndé, tí í ṣe olórí àwọn tó ń mójú tó ọjà títà, dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mò ń bá bàbá kan sọ Yorùbá. Wọ́n ní ohùn mi dà bí ohùn ẹni tí kò lè parọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ ní Ìkẹjà, wọ́n gbé bébà fún mi, wọ́n ní kí n kà á bí ẹni tó ń bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tiwa ti borí, pé nínú gbogbo ilé tí wọ́n ti ń ṣe géèmù l'Ékòó, tiwa ló wà nínú ohun tó ju ìdajì lọ. Mo kà á tọkàntọkàn. Ẹ̀yin ni mo fojú inú wò bí mo ṣe ń kà á. Mo gbà pé òótọ́ ni, torí èmi náà ò mọ bí wọ́n ṣe kà á.

Bàámi, ẹ rántí bí ẹ ṣe pè mí lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ ní ẹ yí rédíò sókè fún gbogbo àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ yín, ẹ ní ẹ sọ fún wọn pé, "Ọmọ mi nìyẹn." Mo jó nínú yàrá mi lọ́jọ́ náà. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé wa, tí kì í wo ojú mi tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Rédíò. Ó wá dà bíi pé Èkó ti mọ̀ mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n kúrò nídìí tẹlifóònù, kí n máa lọ bẹ àwọn alágbàtà wa wò ní ṣọ́ọ̀bù wọn, kí n bá wọn lẹ àwòrán mọ́ ògiri. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Àlhájà Sìkírátù ní Dópẹmu nìyẹn. Àlhájà ti pẹ́ nídìí òwò ẹ̀rọ iná, wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n ojú wọn kì í fo nǹkan. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó. Mo wá wo ohun tí mo jókòó lé, páálí ẹ̀rọ tiwa ni. Òmíràn wà lẹ́yìn káńtà, òmíràn ga dé àjà. Wọ́n ní ẹ̀rọ wa dára o, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìjókòó ju ìrìn lọ. Mo bi wọ́n pé kí wá ni àwọn èèyàn ń rà. Wọ́n nawọ́ sí òdìkejì títì, níbi tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ sí, tòun ti pádì tí àmì orí bọ́tìnnì rẹ̀ ti pa rẹ́. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ọjà wà, nítorí ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kó tó lè ṣeré, kò ní ra ẹ̀rọ tuntun.

Mo rò pé ọ̀dọ̀ Àlhájà nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn ní Agége àti Ìkẹjà, ibi díẹ̀ ló yàtọ̀.

Mo wọlé lọ bá Ọ̀gá Túndé. Mo fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé báwo la ṣe ka ọjà wa. Wọn ò bínú, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní páálí tó bá ti jáde ní géètì wa, a ti tà á nìyẹn. Mo ní tó bá wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Wọ́n ní ìyẹn di wàhálà ẹni tó gbà á. Mo tún bi wọ́n nípa ti tòkunbọ̀. Wọ́n ní a ò kà á rárá, pé ọjà tí àwọn ń sọ ni ti ẹ̀rọ tuntun inú páálí. Wọ́n ní, "Mojí, àwọn ará Ọ̀rẹ́gùn náà ń kà á bẹ́ẹ̀. Tí a bá ka tiwa lọ́nà mìíràn, àwa la máa dà bí ẹni tó kùnà."

Bàámi, ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó dà bí ẹni tó ní òun ló ga jù nínú ilé, tó sì jẹ́ pé òun àti ọmọ ọwọ́ nìkan ló wà nílé náà. Síbẹ̀, Ọ̀gá Túndé kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí mo ṣàìsàn, wọ́n fi mọ́tò wọn gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Mi ò rí ẹni tí mo lè kórìíra. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra ọṣẹ, ohùn mi ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà yí rédíò sókè, ohùn mi tún ni. Ọ̀sán gangan, èmi ń wá ibi tí mo máa sá fún ara mi sí.

Ibi tí mo dé nìyẹn kí Káyọ̀dé tó pè mí. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti rí ẹni tó fẹ́ ra àga ìgẹrun àti gbogbo ohun èlò ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń gẹrun, pé òun fẹ́ sọ ibẹ̀ di ilé géèmù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ẹ̀rọ tuntun tiwa ni òun sì máa kó síbẹ̀. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ẹ̀rọ tiwa ni àwọn èèyàn ń wá. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́."

Bàámi, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín kan pákó ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un. Ó wá ní ó hàn pé nígbà tí mo ń sọ ọ́ fún àwọn ará ìta, òótọ́ ni, ìgbà tó kan òun ló di irọ́. Ó ní mo ti dé Èkó, mo wá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Ó pa fóònù, kò sì gbé ìpè mi mọ́. Ohun tó fà á nìyí tí ẹ fi ń bi mí pé kí ló wà láàárín àwa méjèèjì, tí mo sì ń ní kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ wa pe gbogbo alágbàtà jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹjà. Ilé iṣẹ́ fẹ́ kí wọ́n gba ẹrù púpọ̀ sí i. Ọ̀gá Túndé sọ̀rọ̀, wọ́n fi ìlà pupa tó ń gòkè lọ hàn lára ògiri, pé bí ọjà wa ṣe ń tà nìyẹn, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá ní kí n dìde, kí n ka ìpolówó náà lójú gbogbo wọn. Mo dìde. Kí n tó lanu, Àlhájà Sìkírátù na ọwọ́ sókè níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní àwọn ò bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ọmọ tó ni ohùn yẹn làwọn ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwọn tí o jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù mi, ṣé wọ́n kà wọ́n mọ́ èyí tí ẹ ní ẹ tà?"

Mo wo Ọ̀gá Túndé, wọ́n ń wo bàtà wọn. Ohùn Káyọ̀dé ló ń dún létí mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n kà wọ́n mọ́ ọn." Mo jókòó. Ọkùnrin kan láti Agége dìde, ó ní tòun náà ńkọ́. Òmíràn dìde. Ọ̀rọ̀ di rúgúdù. Nígbà tí wọ́n máa fi tú ká, ilé iṣẹ́ ti gbà pé àwọn máa gba èyí tí kò tà padà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ mọ́.

Wọn ò lé mi lọ. Ọ̀gá Túndé ní mi ò ṣe ohun tó burú, ṣùgbọ́n mi ò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi mí rán. Wọ́n kó mi lọ sí ilé ìkẹ́rùsí lẹ́yìn ọgbà. Ibẹ̀ ni mò ń tan àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n dá padà wò. Ibẹ̀ gbóná, owó oṣù sì dín, ẹ máa rí i nínú ohun tí mò ń fi ránṣẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ohùn mi kúrò lórí rédíò. Wọ́n ní wọ́n ti san owó rẹ̀ sílẹ̀, kó parí fúnra rẹ̀. Mo ń wá iṣẹ́ mìíràn lọ, mi ò sì tíì rí.

Káyọ̀dé wá. Ó sọ fún yín pé Ṣàgámù lòun ń lọ; ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá a jà. Ẹnu géètì wa ni mo ti rí i, ó fajú ro. Ó ní òun wá fi ojú ara òun wò ó. Mi ò bá a jiyàn. Mo mú un káàkiri, a fi ẹsẹ̀ rìn láti Dópẹmu dé Agége, òjò pa wá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wọ̀, kò béèrè èwo ló gbapò kìíní. Ó ń bi wọ́n pé èwo ni wọ́n máa ń gbé wá fún àtúnṣe, èwo ni èèyàn lè rí pádì rẹ̀ rà tó bá bàjẹ́. Mi ò ronú kan irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, bí mo ṣe ń jẹun nídìí òwò náà tó. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, a jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì Agége lábẹ́ àtíbàbà kan, ló bá ní òun ò ní ta ohun èlò ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ní òun á ra tòkunbọ̀ kan, òun á gbé e sí igun ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn tó ń dúró gẹ irun máa fi ṣeré. Ó ní tó bá ń rìn, òun á fi ìkejì kún un. Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò bẹ̀ ẹ́. Ó gba pọ́ọ̀sì mi gbé títí a fi dé ibùdókọ̀.

Bàámi, Màámi, ẹ bá mi sọ fún àwọn káfíńtà, fún ará ìjọ, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ná owó nítorí ohun tí mo sọ: kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ọjà fúnra wọn. Olúwa á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ ò ní fi ẹkún jẹun. Iṣẹ́ ọwọ́ Bàámi kò ní bàjẹ́ lójú wọn, Ìyá Àgbà á rìn láìmú ọ̀pá. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, láti orí àgbà dé orí ìkókó.

Wọ́n ṣì ń gbé ìpolówó náà sáfẹ́fẹ́. Tí ẹ bá tún gbọ́ ọ, ẹ má pe èèyàn wá gbọ́ ọ mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ohùn mi nìyẹn. Ẹni tó kọ èyí ni

ọmọ yín,
Mojísọ́lá.