Gbólóhùn Mẹ́wàá Tí Tuhina Kọ

Bàbá Tuhina,

Tíṣà Shafiq tó ń wá kọ́ Tuhina ní Gẹ̀ẹ́sì nílé dé láàárọ̀ yìí. Ó ti ní kó kọ gbólóhùn mẹ́wàá tó gbọ́ lẹ́nu ará ilé, kó yí wọn sí "lágbájá sọ pé." Bí mo ṣe ń gbé tíì wọlé ni tíṣà ń kà á sókè.

"Bàbá sọ pé òpè ni Màmá. Bàbá sọ pé kí Màmá panu mọ́."

Mẹ́sàn-án ló jẹ́ tiyín. Ìyá yín ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò lè wojú mi. Ẹyọ kan péré ni tèmi: "Màmá sọ pé ìrẹsì ti jinná."

Ẹ má bá ọmọ wí. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló kọ. A ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé bàbá mi ní Barishal. Ẹ sọ fún ìyá yín pé mo sọ pé ìrẹsì ò jinná lónìí.