Òwú Pupa Lára Ewéko Dókítà Akínlàbí

Àdúgbò Al-Sabeel,
Jeddah.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2025.

Alága,
Ẹgbẹ́ Àlùbáríkà Ọmọ Yorùbá,
Jeddah.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ WẸ ỌKỌ MI MỌ́ KÚRÒ NÍNÚ Ẹ̀SÙN ÀÁLÈ

Èmi ni opó Dókítà Habeebullah Akínlàbí, olùkọ́ ìmọ̀ ewéko, tó papò dà nínú oṣù Kọkànlá. Ọ̀rọ̀ tí Àlàájì Rauf, alábòójútó ọgbà ẹgbẹ́, sọ nípa rẹ̀ ní ìpàdé Jímọ̀ tó kọjá ni mo ń gbé wá síwájú yín.

Ẹ̀yin lẹ fún ọkọ mi láyè láti gbin tòmátì, ata àti píà sínú ìkòkò lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó fi òwú pupa so páálí mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ orúkọ wọn sí i ní Yorùbá, ní Lárúbáwá àti ní èdè Náwátù. Èdè àwọn onílẹ̀ Mẹ́síkò ni. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ewéko náà ti wá. Tomatl ni wọ́n ń pe tòmátì, ahuacatl ni píà. Ibi tí píà bá pọ̀ sí, Ahuacatlan ni wọ́n ń pè é, bí àwa náà ṣe ń pe ìlú kan ní Ìdí-Àyunrẹ́.

Àlàájì Rauf rí òwú pupa àti ọ̀rọ̀ tí kò yé e, ó ní àálè ni, oògùn tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba olè lóko. N kò bínú pé ó fura, nítorí ẹni tó bá dàgbà sí oko wa mọ ohun tí òwú pupa lára igi ń wí. Ṣùgbọ́n ó já gbogbo rẹ̀, ó dáná sun ún, ó sì sọ fún ìjọ pé ọkọ mi ti wá orogún fún Ọlọ́run, kí ẹnikẹ́ni má tọrọ àforíjìn fún un. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kò tilẹ̀ bi èmi tí mo wà láàyè.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ìyá tó ń wá bá mi ṣàdúrà kò wá mọ́. Èdè Lárúbáwá ni Rumaysa ọmọ wa fi ń dá mi lóhùn; bàbá rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ Yorùbá, nínú ọgbà yẹn. Lánàá, ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé a kò gbọdọ̀ bẹ Ọlọ́run fún bàbá òun. Yorùbá ló fi bi mí. Ọkàn mi bàjẹ́.

N kò béèrè páálí, iná ti jó wọn. N kò sì béèrè pé kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí sàréè. A mọ̀ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Mo bẹ̀ yín, ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ dìde níwájú ìjọ, kí ẹ sọ pé orúkọ ewéko lásán ni, kí gbogbo yín sì tẹ́wọ́ àdúrà fún un. Òkú kò lè bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ opó.

Èmi ni tiyín nínú ọ̀fọ̀,

Àlàájà Kulthum Akínlàbí
(Ìyá Rumaysa, ọmọ ẹgbẹ́)