Apá Òsì Méjì

Adúmáradán mi,

Ṣé ẹ wà dáadáa nílé? Èmi wà digbí.

O ní ṣé kí o máa palẹ̀ ẹrù mọ́, kí ìwọ àtọmọ wa wá bá mi. Ìlú yìí dùn o! Iná kì í lọ, omi ẹ̀rọ ń yọ lójoojúmọ́. Àwa mẹ́rin là ń sùn sí yàrá kan, kò síbi tí èèyàn á ti dáwà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ ìránṣọ náà rọrùn: láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, apá òsì ẹ̀wù nìkan ni wọ́n ń fún mi rán, ẹlòmíràn ló ń rán tọ̀tún.

Aṣọ ọmọ wa nìyí. Ọjọ́ ìsinmi ni mo rán an. Ìgbà tí mo lọ̀ ọ́ tán ni mo rí i pé apá òsì méjì ni mo rán sí i. Èmi tí mo máa ń fojú lásán wọn oníbàárà, tí aṣọ á bá a mu rẹ́gí! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Jọ̀ọ́, má jẹ́ káwọn ọmọṣẹ́ mi rí i.

Ní ti ẹrù, má tíì dì í ná. Bá mi kí Màámi. Kí o sì máa bá mi fi òróró sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, má jẹ́ kó dípẹtà.

Èmi ni, Télọ̀ rẹ.