Àkùkọ Irin Orí Ṣọ́ọ̀ṣì

Bàbá mi, ẹ kú ilé, ẹ sì kú òtútù Kiruna. Ara mi le koko níbí ní erékùṣù Öland.

Ẹ ní awò awọ̀nàjíjìn tí mo fi ń wo ẹyẹ ló ti gbó, pé kí n ra òmíràn. Mo ti rà á. Mo gbé olówó pọ́ọ́kú wò, mo gbé ti àárín wò, mo gbé èyí tó wọ́n wò. Bí ẹ ṣe kọ́ mi, àkùkọ irin atọ́ka-afẹ́fẹ́ orí ṣọ́ọ̀ṣì tó dojú kọ ìsọ̀ náà ni mo fi dán wọn wò. Mo ní ti àárín ló dáa jù, pé mo ń rí ìrù àkùkọ náà ketekete.

Nyström tó ń tajà yíjú wo òkè ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó ní, "Bùrọ̀dá Alvar, àkùkọ wo? Wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, wọ́n fẹ́ kùn ún lọ́dà."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ ò pẹ́ lẹ́nu. Mo ṣáà ra ti àárín náà.

Àràárọ̀ ni mò ń gbé e kọ́rùn lọ sétí òkun. Ohùn àwọn ẹyẹ ṣì dùn.

Ẹ bá mi kí Màmá. Tí ẹ bá ń fèsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà. Bírò yín ni kò yọ dáadáa mọ́.

Èmi ọmọ yín,
Alvar